Ṣé Bàtà Ni Ó Ń Sáré, Tàbí Ẹsẹ̀?

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rò fún yín. Ní sáà ẹ̀kọ́ kan tí ó ti kọjá, ọmọbìnrin mi, ẹni ọdún mẹ́wàá nígbà náà, ti ilé-ìwé dé tayọ̀tayọ̀. Ó ní wọ́n ti yan òun láti sá eré mítà 100 fún ilé aláwọ̀ ewé ní ọjọ́ ìdíje eré ìdárayá wọn, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní íntá-háòsì. Kí n tó kí i tán ni ó ti fi kún un pé, "Màámi, ẹ máa ra bàtà eré sísá fún mi o. Ọ̀rẹ́ mi ti ní tirẹ̀. Ó ní bí èèyàn bá ti wọ̀ ọ́, ṣe ni èèyàn máa ń fò." Mo bi í léèrè pé irú bàtà wo ni èyí tí ń mú èèyàn fò. Ó ní àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ nípọn bí búrẹ́dì, ó ń dán yanranyanran, ó sì fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ.

Mo lọ sí ọjà. Nígbà tí mo gbọ́ iye tí wọ́n ń pe irú bàtà bẹ́ẹ̀, mo dá a padà sórí àtẹ bí ẹni tí ó ṣèèṣì fọwọ́ kan iná, nítorí owó náà kù díẹ̀ kí ó tó owó ilé-ìwé rẹ̀ fún sáà kan. Kánfáàsì kan tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ni mo rà. Bí mo bá ti dúró síbẹ̀, ẹjọ́ kì bá tí sí. Ṣùgbọ́n èrò tí ó máa ń wá sí ọkàn gbogbo ìyá tí ń ṣọ́ owó ná wá sí ọkàn tèmi náà: ọmọ ń dàgbà, kí a ra èyí tí yóò lò di ọdún tí ń bọ̀. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọmọ jẹ́ 34. Mo ra 36. Mo ki òwú bọ orí bàtà náà, mo sì yin ara mi pé mo gbọ́n. Èmi tí mo máa ń dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti kọ́ wọn bí a ṣe ń fi ọgbọ́n ra ohun èlò ilé!

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó wọ bàtà náà sá ìpele àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń ṣa àwọn ọmọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ nínú rẹ̀ bí omi inú kèrègbè. Agbára káká ni ó fi yege. Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ mi lábẹ́ àtíbàbà, gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti lé ròrò. Kò bá mi jà. Ó bọ́ bàtà náà, ó gbé e lé mi lórí itan, ó sì lọ fi ẹsẹ̀ lásán sá ìdíje àṣekágbá. Ipò kejì ni ó ṣe. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, oníbàtà tí ń fò, ni ó ṣe ipò kìíní.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí mo ti ń fi omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Màámi, bàtà ni ó fi gbà á mọ́ mi lọ́wọ́." Baba rẹ̀, tí ó ń ka ìwé ìròyìn lọ́wọ́, gbójú sókè. Ó ní, "Ìyá wọn, ìwọ ni olùkọ́ nínú wa. Dá ọmọ lóhùn." N kò rí ìdáhùn kan fún un ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tí mo ti ṣe ìwádìí rẹ̀ láti ìgbà náà ni mo gbé wá síwájú yín yìí, nítorí mo mọ̀ pé bí ó pẹ́ bí ó yá, ọmọ yóò gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ko ẹ̀yin náà lójú.

Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ lásán gba wúrà

Ará Etiópíà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Abebe Bikila, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun tí ń ṣọ́ Ọba Haile Selassie. Ní ọdún 1960, ó lọ sí ìdíje Òlíḿpíìkì ní ìlú Róòmù láti sá eré máratọ́ọ̀nù, eré ọ̀nà jíjìn tí ó ju kìlómítà 42 lọ. Bàtà tuntun tí ó wà fún un níbẹ̀ kò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Ó sì ti máa ń fi ẹsẹ̀ lásán ṣe ìdánrawò ní ilé, nítorí náà ó pinnu pé kàkà kí òun fi bàtà tí ń han òun lẹ́sẹ̀ sáré, òun yóò fi ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run dá mọ́ òun sá a. Wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 16 ni ó lò. Kò sí ẹni tí ó tí ì sá a yára tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà, òun sì ni adúláwọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba wúrà Òlíḿpíìkì.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún ọmọ mi, inú rẹ̀ dùn, ó ní a kò nílò bàtà kankan mọ́ nìyẹn. N kò tí ì sọ apá kejì. Ní ọdún 1964, ní ìlú Tokyo, Bikila tún sá eré kan náà, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ó tún gba wúrà. Wákàtí 2, ìṣẹ́jú 12 àti ìṣẹ́jú-àáyá 12 ni ó fi ṣe é, èyí tí ó fi ìṣẹ́jú mẹ́ta yá ju ti Róòmù lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò tí ì pé oṣù méjì tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ṣé bàtà ni ó bá a gé ìṣẹ́jú mẹ́ta náà kúrò? Kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà. Ọdún mẹ́rin ìdánrawò wà láàárín méjèèjì, ọ̀nà yàtọ̀, ojú ọjọ́ yàtọ̀. Ẹni tí kò wọ bàtà gba wúrà, ẹni tí ó wọ bàtà gba wúrà, ẹnì kan náà sì ni.

Àwọn baba tiwa náà kò ṣàì mọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1949, agbábọ́ọ̀lù 18 wọ ọkọ̀ ojú omi láti Nàìjíríà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Teslim Balogun tí wọ́n ń pè ní "Thunder" sì wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn àkọ́kọ́, lẹ́bàá Liverpool, wọ́n na ẹgbẹ́ Marine ní ayò 5 sí 2, ẹnu sì ya àwọn òyìnbó. Nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n pàdánù ju bí wọ́n ti borí lọ. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé nítorí bàtà ni wọ́n ṣe borí tàbí pàdánù.

Láti ilé ìdáná ni ó ti wá

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé" dẹ́rù bà yín. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn eléré ìdárayá ń lò lónìí, ní àárín ohun èlò àwọn ìyàwó ilé ni ó ti ṣẹ̀ wá.

Bill Bowerman jẹ́ olùkọ́ àwọn asáré ní Yunifásítì Oregon, ní ìlú Eugene, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí ọdún 1971, pápá tí wọ́n ti ń sáré, tí ó ti jẹ́ elérùpẹ̀ tẹ́lẹ̀, ń di èyí tí a fi ohun bíi rọ́bà tẹ́. Bowerman wá ń wá irú àtẹ́lẹ̀ bàtà tí yóò di ilẹ̀ mú láìní ìṣó irin lábẹ́. Barbara ìyàwó rẹ̀ ní irin kan tí ó fi ń ṣe wáfù, àkàrà òyìnbó pẹlẹbẹ kan tí ojú rẹ̀ rí bí afárá oyin. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ń jẹun, ọkọ wo àwọn kòtò kéékèèké orí oúnjẹ náà, ó wò wọ́n títí, ó sì rí àtẹ́lẹ̀ bàtà níbẹ̀. Ó gbé irin ìyàwó rẹ̀, ó da rọ́bà olómi sí i. Ó gbàgbé láti fi òróró pa á. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti dín nǹkan rí mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀: irin náà lẹ̀ pa, kò ṣí mọ́. Wọ́n jù ú sínú ihò ìdọ̀tí ilé náà, nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn ẹbí tó wú u jáde bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ṣùgbọ́n bàtà alátẹ́lẹ̀ wáfù ti dé ọjà ní ọdún 1974, òun sì ni ó sọ ilé-iṣẹ́ Nike tí Bowerman jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ di ńlá. Èmi kì í lè ka ìtàn yìí kí àánú irin obìnrin náà má ṣe mí.

Èkejì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ọ̀rọ̀ kọ́mú ni. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn obìnrin wa ti mọ̀ pé iṣẹ́ líle kò ṣe é ṣe pẹ̀lú àyà tí ń mì. Ọ̀já ni wọ́n fi ń gbà á mú ṣinṣin. Ní ọdún 1977, ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan tí ń jẹ́ Lisa Lindahl fẹ́ràn eré sísá, ṣùgbọ́n kọ́mú tí ó wà lọ́jà ń já bọ́ léjìká, ó ń ha á lára, àyà sì ń dùn ún. Polly Smith, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, jẹ́ aránṣọ fún àwọn òṣèré orí ìtàgé. Àwọn àti Hinda Miller gbìyànjú oríṣiríṣi, kò bọ́ sí i. Nígbà tí ó yá, wọ́n mú àwọ̀tẹ́lẹ̀ méjì tí àwọn ọkùnrin eléré fi ń di abẹ́ wọn, wọ́n rán an pọ̀, wọ́n yí i sókè, Lindahl wọ̀ ọ́, ó sáré, àyà kò sì mì mọ́. Báyìí ni kọ́mú eré ìdárayá ṣe dé ayé: láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, láti ọwọ́ obìnrin mẹ́ta tí ara ń ta.

Ẹ gbà mí láyè kí n yà díẹ̀ kúrò lórí ọ̀rọ̀ bàtà. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tí ó mọ eré sá ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ó máa ń fi í sílẹ̀ ní ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá, ìyá á sì máa rò pé ó ti di ọ̀lẹ. Ojú ni ó ń tì í. Àyà ti ń yọ, àwọn ọmọkùnrin ń wò ó, kò sì mọ bí yóò ti sọ ọ́. Bí owó yín kò bá ju ti ohun èlò kan ṣoṣo lọ fún ọmọbìnrin tí ó ti tó ọjọ́ orí yìí, kọ́mú tí ó gbà á mú ni kí ẹ rà ṣáájú bàtà. Ẹ má dúró kí ó béèrè.

Bàtà tí ń fò

Ó wá ku bàtà tí ọmọ mi ń sọ. Lóòótọ́, ó wà. Ní ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ Nike gbé ọ̀kan jáde tí wọ́n pè ní Vaporfly. Ohun méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Èkíní ni fóòmù tuntun kan tí ó nípọn tí ó sì fúyẹ́. Ẹ fọwọ́ tẹ fóòmù bẹ́ẹ̀dì tuntun, kí ẹ gbé ọwọ́ kúrò: ó dìde kíá. Ẹ tẹ èyí tí a ti sùn lé fún ọdún mẹ́wàá: ojú ọwọ́ yín wà níbẹ̀ bí ẹni tẹ ẹ̀bà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bàtà. Bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ ilẹ̀, agbára kan wọ inú àtẹ́lẹ̀. Bàtà àtijọ́ á gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì, fóòmù tuntun á dá èyí tí ó pọ̀ padà fún ẹsẹ̀. Èkejì ni pẹlẹbẹ tín-ín-rín kan láàárín fóòmù náà, tí a fi kábọ̀n ṣe, ohun dúdú kan tí ó le bí irin tí ó sì fúyẹ́ ju irin lọ, kí bàtà má baà wẹ́ jù ní ibi ọmọ ìka.

Àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Colorado fi bàtà náà wọ ọkùnrin asáré 18 tí ó já fáfá, wọ́n sì wọn agbára tí ara wọn ń jó. Wọ́n rí i pé ó dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún sí ti bàtà ìje mìíràn. Ẹ fi wé sítóòfù tuntun tí ó ń fi ìgò kẹrosíìnì 96 se oúnjẹ tí ti àtijọ́ ń fi ìgò 100 sè. Ẹni tí ó ń se ìkòkò ẹyọ kan kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí ó ń se ti ìnáwó ìyàwó yóò mọ̀.

Wọ́n sì mọ̀ ọ́n ní tòótọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2019, Eliud Kipchoge, ará Kẹ́ńyà, sá ìwọ̀n máratọ́ọ̀nù ní ìlú Vienna ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò kà á sí ìdíje nítorí àwọn asáré ń pààrọ̀ ara wọn níwájú rẹ̀ láti bá a gé afẹ́fẹ́. Ní ọjọ́ kejì gan-an, ní Chicago, ìyá ìbejì kan láti Kẹ́ńyà, Brigid Kosgei, sá tirẹ̀ ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú-àáyá 4, ó sì pa àkókò tí Paula Radcliffe ti fi lélẹ̀ láti ọdún 2003 rẹ́. Ìyá ìbejì! Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ méjì pọ̀ rí, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe bàtà nìkan ni ó gbé obìnrin yẹn.

Àríyànjiyàn gba ayé kan. Ní ọdún 2020, àjọ tí ń ṣe àkóso eré sísá lágbàáyé ṣe òfin pé àtẹ́lẹ̀ bàtà ìje ojú títì kò gbọdọ̀ nípọn ju mìlímítà 40 lọ, pẹlẹbẹ inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Síbẹ̀ bàtà ń fúyẹ́ sí i. Èyí tí Tigist Assefa, ará Etiópíà, wọ̀ ní Berlin ní ọdún 2023, nígbà tí ó gé ohun tí ó ju ìṣẹ́jú méjì lọ kúrò nínú àkókò Kosgei, kò ju gíráàmù 138 lọ, 500 dọ́là ni wọ́n ń tà á, àwọn tí ó ṣe é sì sọ fúnra wọn pé ìje máratọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ni àwọn ṣe é fún. Ẹ dákun, 500 dọ́là fún bàtà ọjọ́ kan! Aṣọ òkè kò náni tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ yóò jogún aṣọ òkè.

Kì í ṣe bàtà nìkan ni wọ́n ti ní láti fi òfin dè. Èmi tí mo ń kọ́ni ní ìmọ̀ aṣọ fẹ́ràn ti àwọn olùwẹ̀ jù. Ní ọdún 2008 àti 2009, aṣọ ìlúwẹ̀ dé tí ó jẹ́ pé ohun bí ọ̀rá àti rọ́bà ni wọ́n fi ṣe é, ó há mọ́ ara pẹ́kípẹ́kí, ó sì ń mú kí omi yọ̀ kúrò lára. Nínú ìdíje àgbáyé kan ṣoṣo ní Róòmù ní ọdún 2009, àkókò àgbáyé 43 ni wọ́n pa rẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, àjọ olùwẹ̀ pàṣẹ pé aṣọ tí a fi òwú hun ni kí wọ́n máa wọ̀, kí ó jẹ́ aṣọ ní ti gidi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde wa kan náà ti bọ́ sínú irú àríyànjiyàn yìí. Ní oṣù keje ọdún 2022, Tobi Amusan sá mítà 100 tí a ń fo ìdènà mẹ́wàá nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, obìnrin kankan kò sì tí ì sá a tó bẹ́ẹ̀ rí, 12.20 ni ó wà tẹ́lẹ̀, láti ọdún 2016. Ibo ni ó ti sá a? Ní Eugene, ìlú irin wáfù. Kíá ni àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì, àwọn kan ní bóyá aago ni kò pé, àwọn kan ní bàtà ni. Bàtà oníṣòó tí ó wọ̀ jẹ́ èyí tí a ṣe fún àwọn tí ń sá ọ̀nà jíjìn, fóòmù rẹ̀ sì nípọn ju ti àwọn asáré ọ̀nà kúkúrú lọ, ṣùgbọ́n kò rú òfin. Àlàyé tirẹ̀ ni pé àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ ti ń dun òun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, òun sì ń fẹ́ bàtà tí ó rọ òun lọ́rùn. Ẹ tún wo ìyẹn: ẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ń ṣe é, kí a tó wá bàtà fún un.

Ní ti ọmọ ọdún mẹ́wàá tí yóò sá mítà 100 lórí pápá ilé-ìwé, fóòmù àti kábọ̀n yìí kò kàn án. Eré wákàtí méjì ni a ṣe wọ́n fún, tirẹ̀ yóò parí kí ẹ tó kọ orin ìkíni kan tán. Ọ̀pọ̀ bàtà alátẹ́lẹ̀ nínípọn tí ó kún ọjà wa kò tilẹ̀ ní nǹkan wọ̀nyí nínú. Àwọ̀ àti ìrísí ni wọ́n fi jọ wọ́n.

Ẹsẹ̀ lásán ńkọ́?

Ṣé kí a wá jẹ́ kí ọmọ máa rìn láìwọ bàtà? Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ọdún 1992, àwọn dókítà méjì tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lórí ọmọ 2,300 ní ilẹ̀ Íńdíà. Wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n ti ń wọ bàtà láti kékeré, pàápàá bàtà abojú dé, ni ẹsẹ̀ wọn pẹlẹbẹ jù, tí kò ní kòtò lábẹ́. Àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn ni ẹsẹ̀ wọn dára jù. Nítorí náà, nínú ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ kékeré fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ẹ má fi bàtà há a mọ́ nítorí pé ó ń wuni lójú.

Ìta ni ó yàtọ̀. Aràn kan wà nínú ilẹ̀ tí a bá ti yàgbẹ́ sí, tí ó ń gba awọ ẹsẹ̀ wọ inú ara lọ sí ìfun, tí ó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ níbẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi funfun, tí kò ní lókun láti sáré tàbí láti kàwé. Ìṣó àti àfọ́kù ìgò tún wà, èyí tí ó lè mú tẹ́tánọ́ọ̀sì wá, àrùn tí ń mú àgbọ̀n há. Ẹ rí i pé ọmọ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé. Bí wọ́n bá ní kí ó fi ẹsẹ̀ lásán sáré ní ilé-ìwé, ẹ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti rìn yí pápá náà ká láti ṣa ohun tí ó wà nínú koríko. Èmi béèrè, wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu, ṣùgbọ́n ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, mo rí àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà tí wọ́n tò sórí ìlà tí wọ́n ń ṣà á.

Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìdíje náà ni mo pàdé ìyá ọmọ tí ó ṣe ipò kìíní. Mo kí i kú oríire, mo sì fi ọgbọ́n béèrè ibi tí wọ́n ti ra bàtà tí ń fò. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, òkìrìkà ni o! Ṣe ni mo mú un dání lọ síbẹ̀. Ó wọ bàtà bíi mẹ́wàá kí a tó rí èyí tí ó bá a mu, ọlọ́jà tilẹ̀ ń bínú." Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti yan ọmọ náà ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ń sáré lórí pápá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ gbogbo. Ọmọ tèmi kò sáré lẹ́ẹ̀kan ṣáájú ọjọ́ náà, nítorí mo ní kí ó má baà ba bàtà tuntun jẹ́.

Ohun tí obìnrin yẹn ṣe láìka ìwé kankan ni èmi náà ń ṣe báyìí. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń wọn ẹsẹ̀ ọmọ, nítorí ẹsẹ̀ a máa wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń lọ. Yóò dúró sórí pépà, èmi yóò fi pẹ́ńsùlù yí ẹsẹ̀ méjèèjì po, nítorí ẹsẹ̀ kan lè gùn ju èkejì lọ, èyí tí ó gùn ni a ó sì tẹ̀ lé. Bí n kò bá lè mú ọmọ dání, mo máa ń gé pépà náà, mo sì ń kì í bọ inú bàtà lọ́jà. Láti orí ìka tí ó gùn jù sí imú bàtà, àlàfo tó ìbú àtàǹpàkò kan ti tó. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìléròrò ni ẹ ń rà. Ẹ tẹ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ wò: ibi tí ẹsẹ̀ ti ń wẹ́, níbi ìdí ọmọ ìka, ni kí bàtà náà ti wẹ́, kì í ṣe ní àárín. Gìgísẹ̀ kò gbọdọ̀ máa yọ jáde.

Bí ó bá jẹ́ òkìrìkà, ẹ fi èékánná tẹ fóòmù rẹ̀ dáadáa. Àwọn kan ti pẹ́ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rinrin ti jẹ wọ́n nínú; lójú wọ́n dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ sáré ni wọn yóò rún bí bisikíìtì. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tinú-tòde, ẹ ki ìwé ìròyìn bọ̀ ọ́ kí ó fa omi rẹ̀, kí ẹ sì sá a sí ibòji. Oòrùn líle àti ẹ̀bá iná ń tú gọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó sì yẹ kí ọmọ ti wọ bàtà náà rìn, kí ó sì ti wọ̀ ọ́ sáré, fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ ìdíje.

Mo ti sọ gbogbo èyí fún ọmọ mi. Ó gbọ́ ti Bikila, ó gbọ́ ti ìyá ìbejì, ó rẹ́rìn-ín irin wáfù. Lẹ́yìn náà ó ní, "Màámi, bí bàtà tèmi bá bá mi mu, ṣé mi ò bá gbà á?" Mo ní ó ṣeé ṣe, ó sì tún ṣeé ṣe kí ó má gbà á, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń sáré ní ìrọ̀lẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú nípa ti bàtà. Ó ní òun ti gbàgbé.

Àwọn pépà ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mo kọ déètì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kánfáàsì 36 náà ti wá bá a mu, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ti là láti ibi tí mo tọ́jú rẹ̀ sí. Ìdíje tí ń bọ̀ ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Baba rẹ̀ ni ó ń mú un lọ sí pápá ní ìrọ̀lẹ́, èmi ni mo di aago mú.